John Scott Haldane: Ẹni tí Ó Kọ́ Àwọn Òmùwẹ̀ ní Bí A Ti Ń Gòkè Bọ̀

Bí ènìyàn bá wọ ìsọ̀ àwọn tí ń ta irinṣẹ́ òmùwẹ̀ ní òkè òkun lónìí, tí ó sì sọ fún wọn pé òun fẹ́ wọ ibú tí ó jìn ju ibi tí àwọn afẹ́ ń dé lọ, ohun kìíní tí wọn yóò bá a sọ ni ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré kan tí a ń dè mọ́ ọrùn ọwọ́ bí aago. Oríṣiríṣi ni wọ́n, owó wọn kò sì kéré. Ọ̀kan mọ irú afẹ́fẹ́ kan ṣoṣo, òmíràn mọ márùn-ún; ọ̀kan ń dún, òmíràn ń gbọ̀n. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá ìdí ọ̀rọ̀ náà délẹ̀ yóò rí i pé ìṣirò kan ni baba gbogbo ìṣirò tí wọ́n ń ṣe. Ọkùnrin tí ó gbé ìṣirò náà kalẹ̀ ti kú láti 1936. Kò rí kọ̀ǹpútà sójú rí. Ìwé, lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé àti agbo ewúrẹ́ ni ó fi ṣe tirẹ̀. Ìtàn ọkùnrin náà ni mo fẹ́ sọ fún ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa.

Ìlú Edinburgh ní ilẹ̀ Skọ́tíláńdì ni wọ́n ti bí John Scott Haldane ní oṣù karùn-ún ọdún 1860. Ọmọ ilé ńlá ni. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Richard, di mínísítà tí ń bójú tó ọ̀rọ̀ ogun ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì láti 1905 títí di 1912. Àbúrò rẹ̀ obìnrin, Elizabeth, di òǹkọ̀wé tí a mọ̀ dunjú. Ìdílé Haldane ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n kọ sí ara àmì ìdílé wọn, ìtumọ̀ rẹ̀ kò sì ju pé kí ènìyàn fara da ìyà. Ó jọ pé nínú gbogbo wọn, John ni ó gba ọ̀rọ̀ náà bí àṣẹ.

Ó gboyè oníṣègùn ní Yunifásítì Edinburgh ní 1884, ṣùgbọ́n kò ṣí ilé ìwòsàn kankan. Dundee ni ó gbà lọ. Níbẹ̀ ni òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń fi ọ̀gànjọ́ òru kan ilẹ̀kùn àwọn tálákà tí gbogbo ará ilé ń sùn pọ̀ sí yàrá kan, tí wọ́n ń bu afẹ́fẹ́ yàrá wọn sínú ìgò láti mọ ohun tí àwọn ènìyàn náà ń mí símú. Wọ́n wọ ilé ìwé, wọ́n wọ inú kòtò ẹ̀gbin ìgboro. Ní 1887 ó lọ sí Oxford, níbi tí àbúrò ìyá rẹ̀, John Burdon-Sanderson, ti jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ẹ̀kọ́ nípa bí ara ti ń ṣiṣẹ́. Ní 1891 ó fẹ́ Louisa Kathleen Trotter. Wọ́n bí ọmọ méjì: John Burdon Sanderson ní 1892, tí gbogbo ayé mọ̀ sí J.B.S., àti Naomi ní 1897.

Ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ burúkú ni ó gbé e dé ibi ìwakùsà. Ní oṣù kìíní 1896, iná bú nínú kòtò èédú Tylorstown ní ilẹ̀ Wales, ènìyàn 57 sì kú. Ohun tí gbogbo ènìyàn rò ni pé ìbúgbàù náà ni ó pa wọ́n. Haldane yẹ òkú wọn wò, ó sì rí i pé èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn, afẹ́fẹ́ kábọ̀nù mónósáídì ni ó pa wọ́n lẹ́yìn ìbúgbàù náà, afẹ́fẹ́ tí kò lóòórùn, tí kò láwọ̀, tí ó sì ń gba àyè ọ́síjìn nínú ẹ̀jẹ̀. Ó ti mọ iṣẹ́ afẹ́fẹ́ yìí nítorí pé ó ti mí i símú fúnra rẹ̀. Ó jókòó nínú yàrá ìwádìí rẹ̀, ó ń fà á símú, ó ń gba ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ wò, ó sì ń kọ ohun tí ó ń ṣe é sílẹ̀, títí tí afẹ́fẹ́ náà fi gba ohun tí ó ju ìdajì ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lọ, tí kò sì lè rìn tààrà mọ́. Òun ni ó dámọ̀ràn pé kí àwọn awakùsà máa mú ẹliri tàbí ẹyẹ kékeré wọ kòtò, nítorí pé ẹ̀dá kékeré ń mí kíákíá ju ènìyàn lọ. Ẹyẹ á ti ṣubú kí orí awakùsà tó yí. Ẹyẹ kánárì ni wọ́n wá gbà lò jù, wọn kò sì fi ẹ̀rọ rọ́pò rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì títí di 1986. A gbọ́ pé nígbà tí ó bá ti inú irú kòtò bẹ́ẹ̀ jáde, a tẹ wáyà sí ìyàwó rẹ̀ pé àlàáfíà ni òun wà, a sì tún tẹ òmíràn, nítorí pé afẹ́fẹ́ náà ti mú kí ó gbàgbé pé òun ti tẹ ìkíní.

Kò fi mọ lórí ara rẹ̀. Nígbà tí J.B.S. ṣì jẹ́ ọmọdékùnrin, baba rẹ̀ mú un wọ kòtò èédú kan, ó ní kí ó dìde dúró kí ó sì ka ọ̀rọ̀ Antony nínú eré oníṣe Shakespeare tí ó sọ nípa ikú Késárì. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í mí gúlegúle, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò gbé e mọ́, ó sì ṣubú lulẹ̀. Ní ilẹ̀ níbẹ̀, afẹ́fẹ́ dára, orí rẹ̀ sì pé padà. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe mọ̀ pé afẹ́fẹ́ tí ń bú gbàù nínú kòtò fúyẹ́, òkè àjà ni ó máa ń wà. Nílé wa níhìn-ín, ẹjọ́ baba tí ó fi ọmọ rẹ̀ kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí yóò dé iwájú mọ̀lẹ́bí, n kò sì rò pé yóò jàre. Ọmọ náà kò rojọ́ baba rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ni ó kọ ìtàn náà sílẹ̀ nígbà tí ó dàgbà.

Ní 1905, òun àti Priestley fi hàn pé kì í ṣe àìtó ọ́síjìn ni ó ń pàṣẹ fún wa láti mí ní ìgbà gbogbo; kábọ̀nù-dáyọ́sáídì tí ń gbárajọ nínú ẹ̀jẹ̀ ni. Ìmọ̀ yìí ni ó bá a dé odò.

Ọdún kan náà ni àwọn aláṣẹ ọmọ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìgbìmọ̀ kan kalẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àwọn òmùwẹ̀ wọn. Ìṣòro méjì ni ó wà ńlẹ̀. Àkọ́kọ́, àwọn òmùwẹ̀ tí ń fi akoto bàbà wọ odò, tí wọ́n ń fi pọ́ǹpù fẹ́ afẹ́fẹ́ sí láti inú ọkọ̀, máa ń dákú ní ìsàlẹ̀. Haldane yẹ àwọn pọ́ǹpù náà wò, ó rí i pé wọ́n ń jò, àti pé èémí tí òmùwẹ̀ ń mí jáde ni ó ń kún inú akoto tí ó ń dá a lágara. Bí ibú bá ti jìn tó ni kí afẹ́fẹ́ tí à ń fẹ́ sí i pọ̀ tó. Èyí rọrùn.

Èkejì ni ó le. Nígbà tí wọ́n ń kọ́ afárá Brooklyn ní New York láti 1870 títí di 1883, àwọn òṣìṣẹ́ máa ń wọ inú àpótí ńlá tí a da ojú rẹ̀ dé ìsàlẹ̀ odò, tí a fi agbára ti afẹ́fẹ́ kún kí omi má bàa wọlé. Ara wọn a dá ṣáṣá níbẹ̀. Bí wọ́n bá jáde tán ni oríkèé wọn ń ro wọ́n bí ẹni pé a fi òòlù lù ú, tí àwọn mìíràn ń rọ lápá rọ lẹ́sẹ̀, tí àwọn mìíràn sì ń kú. Washington Roebling, olórí ẹlẹ́rọ afárá náà, kò bọ̀ sípò títí iṣẹ́ fi parí. Láti ojú fèrèsé ilé ni ó ti ń wo iṣẹ́ rẹ̀, ìyàwó rẹ̀ Emily ni ó sì ń jíṣẹ́ rẹ̀ fún àwọn òṣìṣẹ́. Bẹ́ẹ̀ náà ni ó ń ṣe àwọn òmùwẹ̀.

Paul Bert, ará Faransé, ti sọ ìdí rẹ̀ ní 1878. Ní gbogbo mítà 10 tí òmùwẹ̀ bá lọ sísàlẹ̀, ìtẹ̀ omi ń fi odindi ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ orí ilẹ̀ kún ẹrù tí ó wà lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí ó ń mí gbọ́dọ̀ ní ìtẹ̀ kan náà, náítírójìn inú rẹ̀ a sì máa yọ́ wọnú ẹ̀jẹ̀ àti ọ̀rá ara. Bí òmùwẹ̀ bá fò sókè lójijì, ó di ọ̀rọ̀ ìgò ẹlẹ́rìndòdò tí a ṣí ìdérí rẹ̀. Ohun tí ó ti yọ́ jẹ́ẹ́ nínú rẹ̀ a di hóró afẹ́fẹ́ wẹ́ẹ́wẹ́ẹ́, a sì máa hó. Bert ní kí wọ́n máa rọra gòkè. Ṣùgbọ́n báwo ni a ó ti rọra tó? Ìṣẹ́jú mélòó ní ibo? Àwọn kan ń gòkè díẹ̀díẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà láti ìsàlẹ̀ dé òkè, àrùn náà sì ń mú wọn síbẹ̀.

Ohun tí Haldane kọ́kọ́ ṣàkíyèsí ni pé ẹni tí ó wà ní ìsàlẹ̀ mítà 10, bí ó ti wù kí ó pẹ́ níbẹ̀ tó, bí ó bá fò sókè kò sí ohun tí yóò ṣe é. Ìtẹ̀ méjì ni ó fi sílẹ̀ bọ́ sí ìtẹ̀ ẹyọ kan. Ó wá rò ó pé bí ó bá jẹ́ pé ìdajì ni ara lè fara dà, a jẹ́ pé ẹni tí ó wà lábẹ́ ìtẹ̀ mẹ́fà, èyíinì ni mítà 50, lè yára gòkè dé ìtẹ̀ mẹ́ta ní mítà 20 láìsí ewu. Níbẹ̀ ni kí ó dúró kí náítírójìn díẹ̀ jáde, kí ó tún gòkè díẹ̀, kí ó tún dúró. Bí ó bá ti ń súnmọ́ òkè ni ìdúró rẹ̀ yóò máa gùn sí i.

Ibi tí mo ti fi fìlà fún un gan-an nìyí: ó mọ̀ pé ara ènìyàn kì í ṣe ohun kan ṣoṣo. Ẹ bu omi sí gààrí, ẹ sì bu omi sí ẹ̀wà. Gààrí a ti rin kí ẹ tó ṣẹ́jú. Ẹ̀wà a pẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ àti ọpọlọ ń yára gba náítírójìn, tí ọ̀rá àti oríkèé ń lọ́ra, bí wọ́n sì ti gbà á náà ni wọ́n ṣe ń dá a padà. Haldane pín ara sí ìsọ̀rí márùn-ún nínú ìṣirò rẹ̀. Ìkíní ń kún dé ìdajì láàrin ìṣẹ́jú 5. Nínú ìṣẹ́jú 5 mìíràn, ìdajì èyí tí ó kù yóò tún wọlé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ títí. Ìsọ̀rí yòókù ń gba ìṣẹ́jú 10, 20, 40 àti 75. Kò sí ẹni tí ó lè la ara ènìyàn kí ó tọ́ka sí ìsọ̀rí wọ̀nyí. Ọgbọ́n ìṣirò lásán ni wọ́n. Ṣùgbọ́n èyíkéyìí nínú wọn tí ó bá kọjá ìlọ́po méjì ni kí òmùwẹ̀ dúró dè.

Ewúrẹ́ 85 ni wọ́n fi dán an wò nínú yàrá irin kan ní Ilé Ìwádìí Lister ní Lọ́ńdọ̀nù. Wọ́n a tẹ afẹ́fẹ́ sí wọn lára, wọ́n a sì dá wọn padà ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Èyí tí àrùn bá mú a ká ẹsẹ̀ iwájú rẹ̀ kan sókè, kò ní jẹ́ fi tẹlẹ̀. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀. Àwọn kan kú. Kò sí ẹni tí ó bi ewúrẹ́ bóyá ó fẹ́. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n dé orí ènìyàn. Ní 1906, nínú omi jíjìn ilẹ̀ Skọ́tíláńdì, ọ̀gágun kékeré kan tí ń jẹ́ Damant àti ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ Catto wọ ibú ẹsẹ̀ bàtà 210, wọ́n sì gòkè bọ̀ ní àlàáfíà bí ìṣirò ti wí. J.B.S. náà wọ odò, ọmọ ọdún mẹ́tàlá. Aṣọ òmùwẹ̀ tóbi jù fún un, omi ń wọ inú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ké gbàjarè.

Ní 1908, Boycott, Damant àti Haldane tẹ ìwé iṣẹ́ náà jáde pẹ̀lú àkọsílẹ̀ tí òmùwẹ̀ lè wò láti mọ ibi tí yóò ti dúró àti iye ìṣẹ́jú. Ìdánwò ńlá dé ní 1917, nígbà tí ọkọ̀ Laurentic rì ní etíkun Ireland pẹ̀lú àpò wúrà ìjọba nínú. Ibú náà tó nǹkan bí mítà 40. Damant yìí kan náà ni ó ṣáájú àwọn tí wọ́n ń kó o jáde títí di 1924. Nínú òkúta wúrà 3,211, wọ́n rí 3,186. Kò sí òmùwẹ̀ kan tí ó bá iṣẹ́ náà lọ.

Kì í ṣe gbogbo ohun tí ó sọ ni ó dúró. Ìlọ́po méjì rẹ̀ le jù fún àwọn ìsọ̀rí tí ń yára, ó sì rọ̀ jù fún àwọn tí ń lọ́ra. Ẹni tí ó bá pẹ́ nísàlẹ̀ lè tẹ̀ lé àkọsílẹ̀ rẹ̀ kí àrùn ṣì mú un. Ní 1965, Workman, oníṣègùn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, fún ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ní ààlà tirẹ̀ ní ibú kọ̀ọ̀kan. Bühlmann ní Zürich, tí ó kú ní 1994, sọ ìsọ̀rí di 16, èyí tí ó lọ́ra jù nínú wọn ń gba ìṣẹ́jú 635. Ìṣirò Bühlmann ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tí àwọn òmùwẹ̀ ibú jíjìn ń lò lónìí.

Nítorí náà, bí ẹnìkan nínú yín bá lówó tí ó sì láyà tó bẹ́ẹ̀, kí ó má ṣe wo àwọ̀ ara ẹ̀rọ náà. Ẹni tí ń lọ kọjá mítà 40 máa ń fi hílíọ́mù lú afẹ́fẹ́ rẹ̀, nítorí pé náítírójìn ń pa ènìyàn bí ọtí ní ibú. Bí ó bá sì ń gòkè bọ̀, a pààrọ̀ sí afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ pọ̀, títí tí yóò fi máa mí ọ́síjìn nìkan ní mítà 6. Kọ̀ǹpútà tí kò mọ hílíọ́mù, tàbí tí kò gbà kí a pààrọ̀ afẹ́fẹ́, irọ́ ni yóò máa ka sí òmùwẹ̀ náà lọ́wọ́. Òmíràn wà tí ó jẹ́ pé bí òmùwẹ̀ bá ṣẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, a ti ara rẹ̀ pa fún odindi ọjọ́ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, a ní òun kò ṣírò mọ́. Kí ni ènìyàn fẹ́ fi irú ìyẹn ṣe ní ìsàlẹ̀ mítà 60? Èyí tí ó dára ń jẹ́ kí òmùwẹ̀ fúnra rẹ̀ yan bí òun yóò ti súnmọ́ ààlà Bühlmann tó, pẹ̀lú nọ́ńbà méjì: ọ̀kan fún ibi ìdúró àkọ́kọ́, èkejì fún ìgbà tí ó bá yọ orí sókè. Lórí nọ́ńbà àkọ́kọ́ yìí ni àríyànjiyàn wà. Fún ìgbà pípẹ́ àwọn kan gbà pé kí ìdúró àkọ́kọ́ jìn gan-an. Ìwádìí ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà tí ó jáde ní 2011 fi hàn pé àwọn tí ó ṣe bẹ́ẹ̀ ni àrùn mú jù, nítorí pé bí wọ́n ti ń dúró nísàlẹ̀, ẹ̀wà ṣì ń rin. Ní tèmi, méjì ni kí ènìyàn dè mọ́wọ́, kí bátìrì wọn jẹ́ èyí tí a lè fi ọwọ́ ara ẹni pààrọ̀, kí àkọsílẹ̀ sì wà lára pátákó pẹlẹbẹ bí ti ayé Haldane, nítorí ẹ̀rọ ń kú.

Ẹ má sì rò pé ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó nìkan ni. Ní oṣù karùn-ún 2013, ọkọ̀ kan rì nítòsí Escravos ní etíkun Nàìjíríà. Harrison Okene, tí ń se oúnjẹ nínú ọkọ̀ náà, há sí ibi tí afẹ́fẹ́ díẹ̀ ṣẹ́kù sí ní ìsàlẹ̀ nǹkan bí mítà 30, fún nǹkan bí wákàtí 60. Àwọn òmùwẹ̀ tí ó wá gbé òkú bá a láàyè. Bí wọ́n bá fà á sókè tààrà lọ́jọ́ náà, ayọ̀ ìbá di ọ̀fọ̀, nítorí pé àti gààrí àti ẹ̀wà ara rẹ̀ ni ó ti rin gbingbin. Yàrá irin ni wọ́n gbé e wọ̀, tí wọ́n ń dín ìtẹ̀ rẹ̀ kù díẹ̀díẹ̀ fún ohun tí ó ju ọjọ́ méjì lọ. Ó yè. Ó tilẹ̀ padà kọ́ṣẹ́ òmùwẹ̀.

Haldane kò pẹ́ lórí ọ̀rọ̀ odò. Ní 1911 ó ti wà lórí òkè Pikes Peak ní Amẹ́ríkà, ní ẹsẹ̀ bàtà tí ó lé ní 14,000, tí òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé ibẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún láti mọ bí ara ti ń bá afẹ́fẹ́ fífúyẹ́ lò. Ní Oxford, wọn kò fi í joyè ọ̀jọ̀gbọ́n. Ní 1913 ẹlòmíràn ni ipò náà bọ́ sí lọ́wọ́, Haldane sì fi iṣẹ́ olùkọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ó ti ní yàrá ìwádìí àwọn awakùsà tí ó ń ṣe olórí rẹ̀, ó sì tún ní èyí tí ó kọ́ sínú ilé ara rẹ̀.

Ní oṣù kẹrin 1915, àwọn ará Jámánì tú afẹ́fẹ́ olóró sí àwọn ọmọ ogun ní Ypres. Haldane ni wọ́n rán lọ sí Faransé, ó sì sọ pé klórínì ni. Wọ́n pe J.B.S. kúrò lójú ogun láti wá ràn án lọ́wọ́, baba àti ọmọ sì wọ yàrá tí a fi klórínì kún, láti mọ ìbòjú tí yóò gba ọmọ ogun là àti èyí tí kò ní lè gbà á. Ọdún kan náà ni wọ́n lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ Richard kúrò nínú ìjọba, pé ó fẹ́ràn àwọn ará Jámánì jù.

Wọ́n fi àmì ẹ̀yẹ Copley dá a lọ́lá ní 1934. Ó ti lé ní ẹni àádọ́rin ọdún nígbà náà, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó lọ sí ilẹ̀ Páṣíà àti Ìráàkì láti wádìí bí ooru ti ń pa àwọn òṣìṣẹ́ nílé ìfọpo. Kò pẹ́ tí ó padà dé tí òtútù àyà mú un, ó sì kú ní Oxford ní oṣù kẹta 1936. J.B.S. ń bá iṣẹ́ baba rẹ̀ lọ nínú yàrá irin nígbà ogun kejì, ó sì kú ní ilẹ̀ Íńdíà ní 1964. Naomi di òǹkọ̀wé, àwọn Bakgatla ilẹ̀ Botswana gbà á bí ìyá wọn, ó sì gbé ọdún 101 láyé kí ó tó kú ní 1999. Ilé tí ó dàgbà sí, èyí tí yàrá ìwádìí baba rẹ̀ wà, ni wọ́n wó. Kọ́lẹ́ẹ̀jì Wolfson ni ó wà lórí ilẹ̀ náà báyìí, létí odò Cherwell.